Gbọ̀ngàn tí Àbúrò Bàbá Mi Fi Ta Wá Lọ́rẹ

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn níwájú ilé wa ní Ṣàgámù. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ọ̀rẹ́ òun àti ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló pe àpèjẹ náà, kí a lè rí owó ìrẹsì àti àga. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí wọ́n so yìgì náà nínú pálọ̀ wa, kí bàbá wa lè fọwọ́ ara rẹ̀ fa òun lé ọkọ lọ́wọ́. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá dùbúlẹ̀, kò tíì kọjá pálọ̀ yẹn.

Kí àlejò tó pé, ó nàka sí fìlà rẹ̀. Mo dé e fún un. Ó nàka sí fèrèsé. Mo ṣí i, kó lè máa gbọ́ wa.

Ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó tó ń darí ètò gbé àkùkọ kan sókè. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹni tó bá rà á á dá a padà, kí ẹlòmíràn tún un rà.

"Èèyàn mẹ́rin ti rà á o," ó ní. "Ẹ má wò ó bí ẹni ń wo ọbẹ̀."

"Kí ọkọ ìyàwó kọ bí àkùkọ ká gbọ́," obìnrin kan sọ láti ẹ̀yìn. "Ká mọ̀ bóyá á lè jí ọmọ wa fún sààrì."

"Mọ́mì, ẹ ra àkùkọ náà, kó wá kọ́ mi," ọkọ ìyàwó dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni àbúrò bàbá wa dé, ẹni tó ń kó obì lọ sí Òkè Ọya. Kò kọ́kọ́ wọlé lọ kí bàbá; ó gba ẹ̀rọ náà.

"Èmi ò ra àkùkọ," ó ní. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò ní ṣe yìgì nínú pálọ̀ bí ẹni tó ń sá fún gbèsè. Mo ti gba gbọ̀ngàn kan lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́. Mo ti sanwó rẹ̀ tán."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Àwọn kan ti sọ látìgbà náà pé ó fi ṣe fáàrí ni. Mi ò lè jẹ́rìí sí ìyẹn. Omi wà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni mo rí. Àwọn mìíràn ní ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún un níbẹ̀ pé pálọ̀ ni a fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí a ti kéde lójú gbogbo ayé, ta ni yóò dìde kọ̀ ọ́ láìbú olóore?

Ẹ̀gbọ́n mi wo fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ fún àbúrò bàbá wa.

"Ẹ ṣé, Dádì. Ẹ ó jèrè ọmọ."

Mo sún mọ́ àbúrò bàbá wa, mo rọra sọ fún un pé bàbá ò lè jókòó nínú mọ́tò.

"A ó máa fi hàn án lórí fóònù," ó ní. "Á rí gbogbo rẹ̀."

Mo wọ yàrá lọ. Bàbá kọjú sí ògiri. Fèrèsé ṣì wà ní ṣíṣí. Fìlà náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, nítòsí ọwọ́ rẹ̀ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Bóyá ó ṣí i ni, bóyá ó jábọ́ ni, mi ò mọ̀. Kò sí lórí rẹ̀ mọ́.