Eré Tí À Ń Sọ Fún Bàbá Mi

Kò sí ohun tí ọmọ mi ò lè wò lórí fóònù lónìí, nílé wa ní Barkin Sale, ní Minna. Nígbà tèmi, ní Sabon Gari nílùú yìí kan náà, eré Yorùbá kan ṣoṣo lórí tẹlifíṣọ̀n là ń dúró dè láti ọjọ́ Ajé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n mi á wà níta, á máa yí ọ̀pá eria, á máa pariwo pé, "Ṣé ó ti mọ́?" Àwa á ní, "Kò tíì mọ́!" Bó bá wá mọ́, inú wa á dùn débi pé a ó gbàgbé rẹ̀ síta.

Ìbẹ̀rù kan wà lọ́kàn bàbá mi. Minna ni wọ́n bí wa sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Màmá rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò gbọ́ Hausa rárá. Bàbá ò fẹ́ ká dé iwájú ìyá àgbà ká máa wò sùn-ùn. Ló bá ṣòfin: bí eré bá ti parí, ọmọ kan á sọ ọ́ délẹ̀ ní Yorùbá. Ẹni tó bá ki Hausa bọ̀ ọ́ kò ní wo ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo kórìíra òfin yẹn dọ́ba!

Lọ́jọ́ tó kàn mí, mo ń sọ ọ́ bọ̀ geere, àfi ìgbà tí mo dé ibi tí ìyáálé ti ba ìyàwó jẹ́ létí ọkọ. Mo ní, "Ó wá ń ṣe gulma..." Hausa nìyẹn. Bàbá gbé ìka sókè. Mo wá ọ̀rọ̀ náà tì, omijé sì ti dé sí mi lójú. Hajiya aládùúgbò wa, Hausa pọ́nńbélé tó máa ń wá bá wa wò ó, ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Haba, Baba! Òfófó ló fẹ́ sọ!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Hajiya, ẹ̀yin lẹ gbọ́ Yorùbá jù wọ́n lọ." Ó sì dárí jì mí.

Nígbà tí a lọ sílé fún Kérésì, mo jókòó ti ìyá àgbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ eré náà fún un. Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ níbì kan, ojú tì mí, mo fọwọ́ bojú. Ó fà mí mọ́ra.

"Kí ni ìyáálé yẹn wá ṣe, ọkọ mi?"

Mo ń bá a lọ. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wò mí rárá. Ojú màmá rẹ̀ ló ń wò.