Ike Ọṣẹ Kan Tí Mo Gbé Lọ sí Ọ̀tà

Mo kírun Àsùbáà tán ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò sì dúró fa tẹ̀sùbáà parí. Orí ọ̀kadà tó gbé mi lọ sí gáréèjì Ìwó ni mo ti ń fà á lọ, páálí kan sì wà lórí itan mi. Ọṣẹ dúdú ló wà nínú páálí náà, ike kan péré, irú èyí tí èmi àti àwọn obìnrin mẹ́ta ń ṣe lẹ́yìnkùlé mi. Yàtọ̀ sí i, ẹní ìkírun àti ìpààrọ̀ aṣọ kan ni gbogbo ẹrù mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lé mi. Orí fóònù la ti ń ta ọṣẹ wa, àwọn ilé-iṣẹ́ akẹ́rù ló sì ń bá wa gbé e lọ fún àwọn oníbàárà lókèèrè. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà la ń ta ike kan. Láti ìgbà tí epo ọkọ̀ ti gbówó lórí, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni wọ́n ń gbà láti gbé ike kan ṣoṣo yẹn. Ẹni tó gbé ọṣẹ wá ń gbowó ju ẹni tó ṣe ọṣẹ lọ. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Pọtá, ìyẹn Port Harcourt, tó ń ra ogún ike lóṣooṣù, kọ̀wé sí mi pé: “Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ọṣẹ yín dára, ṣùgbọ́n bí owó ọkọ̀ bá ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ, ẹ má bínú, màá wá ọṣẹ ibòmíràn. Ẹ fún mi lésì kó tó di Ọjọ́bọ̀.”

Bí obìnrin yìí bá lọ, kò ní sí ohun tí màá fi sanwó fún àwọn mẹ́ta tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Opó ni méjì nínú wọn. Mo ti sọ fún wọn lọ́jọ́ Ajé pé bí mo bá padà láìrí ẹ̀dínwó gbà, a ó pa iná abẹ́ ìkòkò. Ìyá Mulíkà, tó dàgbà jù nínú wọn, gbọ́ ọ. Ó kàn ń bu ọṣẹ sínú ike lọ.

Mo ti kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀ka àwọn akẹ́rù wọ̀nyí ní Òṣogbo. Wọ́n ní àwọn ò láṣẹ láti yọ kọ́bọ̀, pé Ọ̀tà ni àwọn ọ̀gá wà, níbi tí ilé ìkẹ́rùsí wọn tó tóbi jù wà. Mo ní kò burú, màá bá wọn lọ́hùn-ún.

Ẹgbẹ̀rún méjì ni mo wọkọ̀ dé Ìbàdàn, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni mo wọkọ̀ dé Abẹ́òkúta. Ní gáréèjì Láfẹ́nwá níbẹ̀, mo tún wọ bọ́ọ̀sì mìíràn tó ń lọ sí Ṣàngó lẹ́bàá Ọ̀tà, ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nígbàkígbà. Awakọ̀ wò mí nínú dígí.

“Alùhájà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé páálí yẹn sẹ́yìn.”

“Ó tẹ́ mi lọ́rùn níbi tó wà.”

“Ṣé wúrà ni?”

“Ọṣẹ ni.”

“Ọṣẹ! Ẹ wá gbá a mọ́ra bí ọmọ tuntun?” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó jókòó tì mí na ọrùn wo páálí náà. Páálí yẹn rẹwà o. Ìbàdàn ni mo ti lọ tẹ̀ ẹ́, páálí líle, wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ orúkọ mi sí i, wọ́n sì tẹ àwòrán mi sí abẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà wo àwòrán, ó wò mí, ó ní, “Alùhájà, ṣé ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò yìí, ẹ sùn dáadáa?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ sí Alùhájà tí wọ́n ń pè mí. Nílé wa ní Ìwó, ẹni tí kò bá tíì dé Mẹ́kà, kò sẹ́ni tó máa pè é ní Alùhájà. Ní apá ibẹ̀ yẹn, ẹni tó bá ti wé ìbòrí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tó pè mí bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún pé mi ò tíì dé Mẹ́kà. Nígbà tó yá, mo sọ ọ́ di àdúrà, mo ń ṣe àmín sí i nínú.

Láti Ìtóòrì títí dé Ifọ̀, ẹ má bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ mi. Àwọn ọkọ̀ akérò àti tírélà sìmẹ́ǹtì jọ ń wá ibi tí kò sí kòtò láàárín títì. Eruku funfun bò wá. Awakọ̀ wa kúrò lápá ọ̀tún, ó bọ́ sí apá òsì níwájú àwọn tó ń bọ̀, ó tún padà. Ìrìn tí wọ́n ní kò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ gbà wá ní wákàtí mẹ́ta. Mo ń wo aago, mo ń ka “Lá háolá” lẹ́nu.

Ibi tí wọ́n ń pè ní Tóògéètì ni mo ti sọ̀ kalẹ̀ ní Ṣàngó. Orúkọ ló kù níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gba owó ibodè mọ́. Ọlọ́jà àti èrò ló kún un. Mo wọ kòròpé, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tó ń kó èèyàn méje, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ó gbé mi dé ọ́fíìsì akẹ́rù àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà Ìdíròkò.

Òtútù ẹ̀rọ amúlétutù ló kọ́kọ́ kí mi níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan gba páálí, ó gbé e lé òṣùwọ̀n. Ojú òṣùwọ̀n náà kọ sọ́dọ̀ tirẹ̀.

“Kílò méjì, mà.”

“Ẹ̀dínwó ni mo bá wá, ọmọ mi.”

“Ẹrù mélòó lẹ̀ ń fi ránṣẹ́ lóṣù?”

“Ó máa ń tó ogójì.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kì í ṣe pẹ̀lú àbùkù. “Àwọn tó ń fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ránṣẹ́ là ń bá jókòó lórí ẹ̀dínwó, mà.”

Mo ní kó jẹ́ kí n rí ọ̀gá rẹ̀. Ó tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà inú lọ́hùn-ún, níbi tí ẹ̀ṣọ́ kan dúró sí. Ẹ̀ṣọ́ náà ní, “Oga no dey on seat.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀gá kò sí lórí ìjókòó. Mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín ọ̀gá látinú yàrá. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Nígbà tí wákàtí kan kọjá, mo gbé ọṣẹ mi, mo jáde.

Mo kírun Àìlà ní mọ́ṣáláṣí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé-iṣẹ́. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kírun. Nílé, lẹ́yìn ìrun, àfáà wa á ṣe àdúrà fún ọba, fún òjò, fún àwọn tó wà lájò. Níbí, bí lèmọ́mù ṣe sálámà tán báyìí, gbogbo wọn ti ń wá bàtà wọn. Mo dúró ṣe àdúrà tèmi. Mo ní, “Olúwa, rọ ọkàn àwọn tí mo wá bá.” Ohun tí mo mọ̀ ọ́n bèèrè nìyẹn.

Mo padà sí gáréèjì Ṣàngó lọ́dọ̀ àwọn oníwébíìlì. Wébíìlì ni kí o fún awakọ̀ ní ẹrù àti nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á, kí o sì máa gbàdúrà. Ọ̀gá wọn fi ọwọ́ kan gbé páálí mi sókè sódò. “Ìyá, èyí ò wúwo, kílò kan àti díẹ̀ ni. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ wá, ó ti dé Pọtá.”

“Bó bá sọnù ńkọ́?”

“Kí Ọlọ́run má jẹ́ẹ̀.”

“Àmín. Bó bá wá sọnù ńkọ́?”

“Ìyá, ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ẹ̀!”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba ọṣẹ mi. Ohun tó sọ nípa ìwúwo ọṣẹ kọjá létí mi lásán ni.

Ebi wá ń pa mí. Mo ra ẹ̀wà àgányìn àti búrẹ́dì, ẹgbẹ̀rún kan náírà. Wọ́n máa ń se ẹ̀wà náà títí tí kò fi ní í ní hóró mọ́, ata rẹ̀ sì dúdú bí ọṣẹ mi. Tiwa ní Ìwó máa ń ní hóró lẹ́nu, ata rẹ̀ á sì pupa. Ó dùn gan-an. Ìdúró ni mo jẹ ẹ́.

Ilé Mùfútáù, ọmọ àbúrò ìyá mi, ni mo sùn ní Itele, lẹ́bàá Ọ̀tà. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì ló ń bá ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ tọ́jú mi, ṣùgbọ́n oorun ò wá bọ̀rọ̀. Kí n tó jáde láàárọ̀, Mùfútáù ní, “Àǹtí mi, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kó bisikíìtì wa. Ẹ bèèrè Ọ̀gá Ṣẹ́gun. Ẹ má rojọ́ fún un o, ẹ gbé ọṣẹ síwájú rẹ̀.”

Àárín àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ọ̀tà ni ibẹ̀ wà. Ọ̀gá Ṣẹ́gun jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kálàmù wà létí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ ṣáá, mo sọ ti Pọtá, mo sọ ti àwọn opó. Ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó na ọwọ́ gba páálí. Ó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe fún mi rí: ó yí ojú òṣùwọ̀n náà kọ sí mi.

“Ẹ kà á fún mi, Alùhájà.”

“Kílò kan, ó lé àádóje gíráàmù.”

“Bó bá fi ẹyọ kan kọjá kílò kan, kílò méjì là ń kà á. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ká ní kò kọjá ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀. Ṣé ẹ kì í wọ̀n ọ́n nílé?”

Ojú tì mí. Abọ́ la fi ń wọn ọṣẹ lọ́dọ̀ wa, ojú ẹni tó ń rà àti ojú ẹni tó ń tà jọ máa ń wà lára abọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ń ronú kan kílò. Ọ̀gá Ṣẹ́gun ṣí páálí, ó fa ọ̀rá kékeré kan yọ tó wà lórí ike. “Kí lèyí?”

“Èènì ni. Ìṣù ọṣẹ kékeré àti kànrìnkàn.”

Ó wọ̀n ọ́n: àádọ́jọ gíráàmù. Ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ó parí. Ẹ yọ èyí, ẹ ti bọ́ sábẹ́ kílò kan.”

Èmi tí mo ti Ìwó wá tọrọ èènì lọ́wọ́ akẹ́rù, èènì tèmi ló ń pa mí! Ṣùgbọ́n ìyá mi tó kọ́ mi lọ́ṣẹ kò ta ọṣẹ fún ẹnikẹ́ni rí láìfi nǹkan lé e. Mo sọ fún Ọ̀gá Ṣẹ́gun pé mi ò lè yọ ọ́.

“Ẹ dín ọṣẹ inú ike kù nígbà náà.”

“Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí i!” Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nílé-kéwú tí mo ti ka súrà tó bá àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù wí sórí. Pàṣán àfáà wà nínú bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ó mí kanlẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, ó ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbé páálí òfìfo lé e, ó yọjú sí mi. “Àádọ́sàn-án gíráàmù. Alùhájà, àwòrán yín ló wúwo!”

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo wo orúkọ mi tó ń dán lára páálí náà. Ọ̀ọ́dúnrún irú rẹ̀ ṣì wà nílé. Ó fa àpò ọ̀rá tó nípọn kan yọ, irú èyí tí wọ́n ń fún oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní bí ìdérí ike bá ti dì dáadáa, ọṣẹ ò ní yí dànù. Ó kó ike àti èènì sínú rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n. Ó ku ọgbọ̀n gíráàmù kó pé kílò kan.

“Èwo lẹ fẹ́ fi sílẹ̀?” ó bi mí. “Èènì ni, àbí páálí?”

“Páálí.” Ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo wá rántí pé mo wá fún ẹ̀dínwó. “Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ yìí, ẹ yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta níbẹ̀.”

“Há! Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ lẹ gbà lọ́wọ́ mi tán yìí!”

“Òṣùwọ̀n ló fún mi níyẹn. Èyí tí ẹ̀yin fún mi ńkọ́? Ẹ fèènì sí i.”

Ó di ojú, ó rẹ́rìn-ín títí ejìká rẹ̀ ń mì. Ó ní bí mo bá ń kó ogún wá lẹ́ẹ̀kan náà, òun á yọ igba náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹ̀ka wọn ní Ìbàdàn, níbi tí màá ti máa já ẹrù, ó sì fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fèsì fún obìnrin Pọtá. Kí n tó dé Ṣàngó, ó ti kọ̀wé padà pé: “Ẹ máa kó wọn bọ̀.”

Nínú ọjà Ṣàngó, mo ra òṣùwọ̀n kan. Ẹgbẹ̀rún méjìlá ni wọ́n pè é, a pàdé sí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Mo gba ọ̀nà kan náà padà, kòtò kan náà, eruku kan náà, ṣùgbọ́n mo sùn láti Ifọ̀ dé Abẹ́òkúta.

Wọ́n ń pe ìrun Màgàríbà bí mo ṣe wọ Ìwó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́yìnkùlé, kò sẹ́ni tó tíì lọ sílé. Wọ́n ń wo ojú mi. Mo ní, “Iná ò ní kú. Àlùhámúdùlílàhì.” A kírun ná, lẹ́yìn náà ni mo ròyìn. Mo sọ fún wọn pé ọkàn àwọn èèyàn ni mo ní kí Ọlọ́run bá mi yí padà, ojú òṣùwọ̀n ló yí sí mi. Mo sì ń dúpẹ́ pé èyí tí mi ò mọ̀ ọ́n bèèrè ló fún mi.

Mo gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ sáàárín wa, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Ìyá Mulíkà kó ike kan àti èènì sínú ọ̀rá, ó gbé e lé e. Ó tẹ̀ ba, ó ní kí n fi ibi tí ìlà kílò kan wà han òun. Mo fi hàn án. Ó wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n, ó wo ìlà.

“Àyè ṣì wà níbẹ̀ yẹn,” ló wí. Ó bu ọṣẹ díẹ̀ sí i látinú ìkòkò, ó fi kún èènì.