Ọpọlọ Méje Tó Ń Sùn

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ kan ẹ̀rọ àtàǹpàkò tó wà lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ wa ní Ọ̀tà. Òórùn irin jíjó ló máa ń kí ènìyàn káàárọ̀ ládùúgbò náà, níbi tí èéfín ilé-iṣẹ́ kan ti ń gun orí èéfín òmíràn títí ojú ọ̀run yóò fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Irin àlòkù ni àwa ń yọ́: ara mọ́tò tó ti kú, ilẹ̀kùn fíríìjì, àgbá epo tó ti lu. Gbogbo rẹ̀ ni ìléru ń gbé mì, tí a sì ń sọ di ọ̀pá irin ìkọ́lé. Ìléru kì í sinmi. Bí àwọn òṣìṣẹ́ òru bá ti ń palẹ̀ mọ́, àwọn ti òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ ti dúró sí ìdí rẹ̀, nítorí irin tó ti yọ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ “ẹ ní sùúrù”.

Èmi ni olùtọ́jú kọ̀ǹpútà àgbà tí gbogbo wa ń pè ní sáfà. Irun orí mi ṣì dúdú nígbà náà, àyà mi sì ga ju òrùlé ilé-iṣẹ́ lọ. Bí mo bá ń kọjá, mo máa ń jẹ́ kí bàtà mi dún, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ló ń bọ̀. Inú sáfà yìí ni àwòrán àtàǹpàkò gbogbo òṣìṣẹ́ wà. Ẹni tó bá dé ẹnu géètì yóò tẹ ìka mọ́ gíláàsì kékeré kan, sáfà yóò fi ìka náà wé gbogbo èyí tó ní nípamọ́. Bí ó bá dá a mọ̀, ẹ̀rọ yóò dún “píìpù”, ọ̀pá irin yóò yí, onítọ̀hún yóò sì wọlé. Mẹ́rin ni irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí fèrè òwúrọ̀ bá bá níta, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Alágbàṣe ojúmọ́ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láti Joju ni wọ́n ti ń wá, láti Itele, láti ẹ̀yìn Ṣàngó Toll Gate, pẹ̀lú ebi nínú àti oorun lójú.

Ṣùgbọ́n iná ti jó àtàǹpàkò àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ẹni tó bá ń di irin gbígbóná mú lójoojúmọ́, ìlà ìka rẹ̀ yóò parẹ́ bí ipa ẹsẹ̀ tí òjò rọ̀ sí. Wọ́n a máa fi ìka náà ra irun orí, kí òróró irun lè jẹ́ kí gíláàsì rí i. Síbẹ̀ sáfà yóò rò ó, yóò tún un rò, bí arúgbó tó ń wá orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kí ó tó dáhùn fún ẹnìkan, ìlà àwọn tó kù ti gùn dé títì.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn tún wọ̀ ọ́. Ní ẹnu géètì wa, ẹ̀ṣẹ́ nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Mo rí ẹni tí wọ́n fi idẹ bẹ́líìtì là lójú nítorí àyè kan ṣoṣo lórí ìlà. Mo rí ẹni tí wọ́n gbá ẹnu rẹ̀ mọ́ ọ̀pá irin tí eyín rẹ̀ fi dà sílẹ̀ bí hóró àgbàdo. Ẹni tó sì ń tò wọ́n ni bàbá ẹnu géètì, ológun tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í fi ìrun àsùbáà jáfara. Kòbókò ọwọ́ rẹ̀ kì í jáfara pẹ̀lú. Ó ń fi í ya ẹ̀yìn wọn kí wọ́n lè tò, wọ́n sì kórìíra rẹ̀ bí ẹni kórìíra àìsàn. Nígbà tí wọ́n wá ṣàkíyèsí pé kíá ni ẹ̀rọ ń gba àwọn obìnrin ilé ìdáná, tí iná kò tíì jẹ ìka wọn, ọ̀rọ̀ di pé bàbá yìí ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, pé ẹni tó bá wù ú ló ń jẹ́ kó wọlé.

Èmi ńkọ́? Mo ti sọ fún ọ̀gá àgbà pé sáfà ti gbó, kí wọ́n ra tuntun. “Ogbó ló ń dà á láàmú, sà,” ni mo máa ń wí, bí dókítà tí kò fọwọ́ kan aláìsàn rí. Páálí tí wọ́n fi gbé sáfà náà wá wà lábẹ́ tábìlì mi. Orí rẹ̀ ni mo máa ń gbé ẹsẹ̀ lé. Wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Tèmi kò tilẹ̀ sí nínú àpò. Abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó wọ ṣòkòtò ló wà.

Ní òwúrọ̀ tí mò ń sọ yìí, fèrè fun nígbà tí ìlà ṣì gùn. Bàbá ẹnu géètì, tí àhéré rẹ̀ wà níta, fa géètì ńlá tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà pa dé. Kò rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ìléru ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Irin pàdé irin lórí ìka ènìyàn. Mo gbọ́ igbe ọkùnrin náà láti yàrá iṣẹ́ mi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn fèrèsé tí a tì. Ó gbé ọwọ́ tó fọ́ náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn wá sí ìgúnpá rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún bèèrè ọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n ya bo bàbá náà. Ẹnìkan já kòbókò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi í na olówó rẹ̀ títí awọ fi bó. Wọ́n fi bàtà tó ní irin níwájú tẹ̀ ẹ́ níhà. Òkúta kan bà á lójú òsì, ojú náà sì pa dé títí láé.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi kọ́! Ẹ̀rọ ni!”

“Ẹ̀rọ tí ẹ jọ ń mulẹ̀! Kó wá gbà ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí!”

“Ẹ gbé táyà wá! Ẹ fa bẹntiróò ọ̀kadà yẹn!”

Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ dúró ti fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Ẹnjiníà, wọ́n ti gbé táyà kọ́ bàbá lọ́rùn o!”

“Ẹ pe ọlọ́pàá!”

“Wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Eérú ni wọn óò bá.”

Fọ́máànù ìléru náà ti ń pariwo lórí fóònù pé ènìyàn kò tó nídìí iná, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ará ìta máa wọlé, fèrè ìbáà ti fun. Ọ̀gá àgbà gbà, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu ọ̀nà àtàǹpàkò nìkan ni wọn óò gbà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò ṣí géètì ńlá kí ogunlọ́gọ̀ tó ń bínú ya wọ ìdí irin tó ń hó? Àwọn tó wà níwájú ìlà ṣì ń tẹ ìka; gbogbo rẹ̀ wá dórí sáfà mi, tó ń ronú bí arúgbó.

Mo pe àṣẹ tó máa ń fi iṣẹ́ ọpọlọ sáfà, ìyẹn ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń ṣírò, hàn lójú ẹ̀rọ, ọpọlọ kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde, ó sì kún dé ẹnu. Ìlà kan náà ni mo ti ń rí láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́, tí mo sì gbà pé bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ mi yẹ̀ lórí páálí. Mo wolẹ̀, mo sì ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọpọlọ mẹ́jọ.

Mo bi sáfà fúnra rẹ̀ léèrè. Ó dáhùn pé mẹ́jọ ni òun ní lóòótọ́, ọ̀kan jí, méje ń sùn. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ ìdí rẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ wa, ìléru ló kọ́kọ́ ń jẹ iná. Bí ó bá yó, àwọn yòókù á jẹ ìyókù. Ní àkókò kan tí jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń gbé wa, ẹ̀rọ amúlétutù yàrá sáfà kò rí nǹkankan jẹ. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi kọ ọ́ sínú ohun tí sáfà ń kà nígbà tó bá ń jí, pé kí ọpọlọ kan ṣoṣo máa ṣiṣẹ́, kí ooru má baà pa á. Amúlétutù padà bọ̀ sípò, ẹni náà lọ, kò sì sí ẹni tó jí àwọn tó sùn.

Bí mo bá ní kí sáfà kú kí ó tún jí, ẹnu ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò kú pẹ̀lú rẹ̀, bàbá náà yóò sì bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí mo ti kà nínú ìwé tí n kò dán wò rí: ọpọlọ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì kékeré tirẹ̀, òdo ni oorun, oókan ni jíjí. Mo kọ oókan sínú ti ìkejì. Ìlà kejì yọ lójú ẹ̀rọ.

“Wọ́n ń da bẹntiróò lé e lórí,” ni akọ̀wé wí.

Mo kọ ọ́ sínú ìkẹta. Sínú ìkẹrin.

“Wọ́n ń wá ìṣáná o! Ẹnjiníà!”

Òógùn bọ́ sójú mi, mo ṣi ọ̀rọ̀ kọ, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Nígbà tí ìkẹjọ jí, ìlà àkọ́kọ́ tó ti kún láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀. Láti ìsàlẹ̀, mo gbọ́ ọ: píìpù. Píìpù. Lẹ́yìn náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohùn kan ké lẹ́yìn: “Ó ti ń gbà o! Ó ti ń gbà wá!”

Bí wọ́n ṣe fi bàbá náà sílẹ̀ nìyẹn. Wọn kò bẹ̀ ẹ́, wọn kò sì pa á. Iṣẹ́ ti ṣí, wọ́n lọ tò. Wọ́n ń rékọjá lórí rẹ̀ bí ẹni rékọjá igi tó wó sọ́nà. Ẹ̀rọ kọ ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú ike bẹntiróò dání, nítorí ẹ̀jẹ̀ bo àtàǹpàkò rẹ̀. Ó padà, ó bẹ̀rẹ̀, ó nu ìka náà mọ́ ẹ̀wù bàbá tó wà nílẹ̀, ó fi í ra irun orí ara rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Píìpù. Ó wọlé.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo sì yọ táyà lọ́rùn bàbá náà. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn, ó bi mí pé kí ló ti ń ṣe ẹ̀rọ náà. Mo ní ọpọlọ mẹ́jọ ló ní, ọ̀kan ló ń ṣiṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó di ìhà rẹ̀ mú. “Ẹnjiníà, ẹ̀rọ yẹn sàn. Gbogbo àwọn tó nà mí, o lè rí ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí wọn?”

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ojú kan, láìsí kòbókò. Ìlà kò gùn mọ́. Lójoojúmọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin oníke yẹn ń dọ̀bálẹ̀ kí i, tí bàbá sì ń dáhùn. Mo sọ fún bàbá pé bóyá kò mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú lọ́jọ́ náà.

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni ó wí. “N kì í wo ojú wọn; ọwọ́ ni iṣẹ́ mi. Ọwọ́ yẹn ni ó nu ara rẹ̀ mọ́ mi láyà.”

“Kí ló dé tí ẹ kò wí?”

“Bí mo bá wí, àwọn tó kù yóò gbé táyà kọ́ ọmọ náà lọ́rùn. Wọ́n ṣì ní òmíràn.”

Bàbá náà ti sùn ní itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí báyìí, èmi náà sì ti di ẹni tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí. Bí mo bá gbọ́ igbe ogunlọ́gọ̀ lójú títì Ṣàngó, ara mi máa ń le, mo sì máa ń dúró kí n gbọ́ bóyá nǹkankan yóò dún “píìpù”, kí wọ́n lè rántí pé wọ́n ní ibi tí wọ́n ń lọ.