Jayéọlá A-bèèrè-kó-tó-kọ
Títí di òní ní Uselu, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Jayéọlá akọpátákó, ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń ta páàtì mọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ. Ní 1998, wọ́n ní kó kọ ọ́ sára pátákó wọn lédè Òyìnbó pé ṣọ́ọ̀bù "Brothers" ni. Jayéọlá gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè, ó dúró.

"Àmì kékeré kan wà tó ń sọ ẹni tó ni nǹkan. Ibi tí mo bá fi sí, ṣáájú "s" tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ni yóò sọ bóyá ẹnì kan ló ni ín tàbí ẹ̀yin méjèèjì. Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù?"

"Èmi ni," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Èmi wá ńkọ́?" ni àbúrò wí.

Ká tó wí, ká tó fọ̀, ẹ̀wù ti ya. Mẹkáníìkì kan pariwo, "Ọ̀gá, abeg write am make we rest!" Jayéọlá olóríkunkun jókòó sórí àkàbà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó gbà pé àwọn méjèèjì ló jọ ni ín. Ó kọ ọ́ tán kí ẹ̀pà tó tán.

Nígbà tó kú ní 2011, ẹ̀rù ba Fadékẹ́ ìyàwó rẹ̀. Jayéọlá ló kọ́ ṣọ́ọ̀bù tí Fadékẹ́ ti ń ránṣọ ní Aduwawa, kò sì síwèé kankan tó fi hàn pé tirẹ̀ ni. Mọ̀lẹ́bí ọkọ sì ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ wá pín ogún. Bó ti ń dúró dè wọ́n, ó rántí pásítọ̀ kan tí ọkọ rẹ̀ bi pé ta ló ni ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní Olúwa ni. Jayéọlá ní kó lọ mú ẹlẹ́rìí méjì wá.

Àwọn ará Ọ̀wọ̀ dé. Àbúdù, àbúrò ọkọ rẹ̀, wúkọ́.

"Ṣọ́ọ̀bù Aduwawa wá ńkọ́?"

Ṣùgbọ́n Babájídé, olórí ẹbí, bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé o ti gbàgbé ọjọ́ tí Jayéọlá pè wá wá síbí nítorí pátákó ṣọ́ọ̀bù náà? Nínú oòrùn! 'Ẹ̀gbọ́n, ta ló ni ṣọ́ọ̀bù?' A ní tìyàwó wa ni. Ó ní ká tún un wí, kó ròkè. Ìwọ gan-an lo pariwo jù."

Àbúdù doríkodò. "Ebi ló ń pa mí lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kó jẹ́ ká wọlé jẹun ni."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Fadékẹ́ mí kanlẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó rántí pé iyán èèyàn mẹ́sàn-án lòun dá gún lọ́jọ́ pátákó yẹn, tóun sì kùn sí ọkọ òun títí àwọn fi sùn, láìmọ̀ pé ẹlẹ́rìí ló ń kó jọ fún òun. Ẹ̀rín mú un, omijé ń bọ́.

"Oníyọnu mi," ló wí, "o ṣeun."