Sàréè Bàbá Mi Nínú Fíìmù Dúdú àti Funfun

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bí mi nínú. Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí.

Fíìmù tí mo ṣe nípa ìdílé wa, dúdú àti funfun ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá mi gbé kámẹ́rà ní, "Àǹtí, ta ló máa wò ó láyé tí a wà yìí?" Mo ní ó wù mí bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ló ta ilé Bàbá wa ní Ajah láìbi Màámi léèrè, ó tà á tòun ti sàréè Bàbá tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹni tó rà á wá kun ilé náà láwọ̀ ewé tó ń ta èèyàn lójú. Ìyẹn ò tó o, ó kun sàréè náà mọ́ ọn! Ó tún to ìkòkò òdòdó lé Bàbá mi lórí. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n ṣépè.

Màámi ò mọ̀. Látìgbà tí ilé ti bọ́, ọ̀dọ̀ mi ní Thomas Estate ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti búra pé àwọn ò ní gba iwájú ilé yẹn kọjá mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń tù wọ́n nínú ni pé ọkọ àwọn sùn síbẹ̀ jẹ́ẹ́. Ni mo bá lọ bẹ onílé tuntun, mo gbé ìkòkò kúrò, mo ya fíìmù mi níbẹ̀, mo sì fi kọ̀ǹpútà fọ àwọ̀ dànù pátá. Sàréè padà di sìmẹ́ǹtì bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi náà wà níbẹ̀, ó nasẹ̀ bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan. Bí sàréè ẹnu ọ̀nà ṣe yọ, Màámi tẹríba.

"Bàbá wọn, ẹ kú ìsinmi o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Wọn ò mà fọwọ́ kan sàréè yín."

Àfi gbàgà tí ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu. "Kí ni gbogbo dúdú funfun yìí? Ṣé ìkéde òkú lò ń ṣe fún wa ni? Fi kọ́lọ̀ sí i jàre! Jẹ́ kí Màámi rí i bí wọ́n ṣe tún ilé yẹn ṣe. Mi ò tà á fún ẹni yẹpẹrẹ!"

Ọwọ́ mi ń yún mi láti gbá a létí, ẹ̀gbọ́n ni o, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ni o.

"Bọ̀dá, ẹ pa ẹnu yín dé! Ojú ò tì yín!"

Màámi wò mí, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n tún wo sàréè. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

"Fi àwọ̀ sí i," ni wọ́n wí.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kí o fi àwọ̀ sí i." Wọ́n fọwọ́ lu àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi. "Ìwọ, máa bọ̀ níbí. Wá bá mi wo bàbá rẹ."