Oko Kòkó Tí Wọ́n Fi Ra Mọ́tò Ọlọ́run

Mọ́tò tó ń jẹrà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Aramọ̀kọ, tí adìyẹ ń yé sí, oko ọkọ mi ni wọ́n fi rà á. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tí ò ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀ ti gun orí rẹ̀ ṣeré rí. Oko bàbá ìyá rẹ lo gùn yẹn.

Ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin kòkó náà, lọ́nà Ìlóro. Èmi ni mo ru omi tí a fi wọ́n ọn lọ́dún tí ọ̀dá dá. Nígbà tí àìsàn dá ọkọ mi dùbúlẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ mi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló rí níbẹ̀. Ó sì mọ irú ẹni tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́. Ó ní, "Bí mo bá kú, wọn ò ní jẹ́ kí ìwọ àti ọmọ yìí já ewé kan nínú oko yẹn. Ọwọ́ ìjọ ni n ó fi í sí. Kò sí ẹni tó máa bá Ọlọ́run du oko."

Ó ránṣẹ́ pe Olùṣọ́ àti àwọn àgbà ìjọ wá síbi ẹní rẹ̀. Ó ní oko di ti ìjọ, ṣùgbọ́n èmi ni n ó máa tọ́jú rẹ̀. Bí a bá ti ká kòkó, ìdajì ti ìjọ, ìdajì ti èmi àti ọmọ mi, títí n ó fi kú. Gbogbo wọn ṣe àmín. Àmín náà lọ sókè débi pé ewúrẹ́ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà ta gìrì.

Ọkọ mi, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, olè inú ilé ló bẹ̀rù, kò bẹ̀rù òmùgọ̀ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Olè ṣì mọ iyì ohun tó jí. Òmùgọ̀ kò mọ̀ ọ́n.

Ọdún ń gorí ọdún, kòkó ń so, ìyá rẹ ń lọ sílé-ìwé. Àfi bí ìjọ kan ní ìlú Ará ṣe ra bọ́ọ̀sì, tí wọ́n gbé e wá síbi ìsọjí wa, tí wọ́n ń kọrin nínú rẹ̀ wọlé. Bàbá Ìjọ wa, ẹni tó ń ta ìṣó àti páànù, tí kì í fún opó ní ìṣó tó ti tẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò gbọ́ ìwàásù kankan lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀sì ló ń wò.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí sí yàrá àwọn àgbà: Olùṣọ́, Bàbá Ìjọ àti Akọ̀wé.

Olùṣọ́ ní, "Ìyá, Olúwa ti bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní kí á ra mọ́tò."

Mo ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ó sọ ibi tí owó wà?"

Akọ̀wé wúkọ́. Bàbá Ìjọ ló dáhùn. Ó ní, "Oko yẹn ni. Mọ́tò á máa ná Adó, á máa ná Ìjerò, owó á máa wọlé lójoojúmọ́. Kòkó tí à ń retí láti ọdún dé ọdún, kí ló wà níbẹ̀?"

"Bàbá, kòkó kì í mu pẹtiróòlù. Táyà rẹ̀ kì í jò. Bí ẹ bá sùn, ó ń so."

Ó rẹ́rìn-ín. "Obìnrin ò kúkú lè rí ìran."

"Èyí tí ọkọ mi rí ni mo rí. Ẹ sì ṣe àmín sí i."

"Ìyá, ẹni tó ti wà lọ́run, kí ló fẹ́ fi kòkó ṣe?" Olùṣọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Èmi tí mo wà láyé ńkọ́?"

Akọ̀wé ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ìdajì mọ́tò náà, tèmi ni.

Mo ní, "Ìdajì wo? Tiwájú ni àbí tẹ̀yìn?"

Wọ́n na ìwé sí mi kí n tẹ̀ka. Mo ká ọwọ́ mi sábẹ́ aṣọ. Bàbá Ìjọ ká ìwé rẹ̀ padà, ó ní, "A ò béèrè ọwọ́ yín mọ́. Àdúrà yín la béèrè." Wọ́n ta oko náà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan láti apá Ọ̀ṣun, Mùsùlùmí tó ń ra kòkó nílùú wa, ló rà á. Kò tan ẹnikẹ́ni. Ó rí àwọn tí ara ń yá láti tà, ó rà.

Mọ́tò dé láti Ìbàdàn, aláwọ̀ ewé, tí ẹlòmíràn ti lò kó tó di ti Ọlọ́run. Wọ́n ta òróró sí i lórí, wọ́n jó yí i ká. Gbọ́ bí wọ́n ṣe fi ṣòwò. Bí èrò bá kún un ní gáréèjì, kò ní gbéra láìgbàdúrà. Akọ̀wé ló ń gbà á, àdúrà rẹ̀ sì gùn ju ọ̀nà Adó lọ. Kó tó ṣe àmín, èrò á ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n á ti wọ táksí. Ìjókòó iwájú, ti Olùṣọ́ àti Bàbá Ìjọ ni. Bí àwọn méjèèjì bá wà nílé, òfìfo ni ìjókòó náà ń lọ Adó, òfìfo ló ń bọ̀. Ẹni tó bá gbé ẹmu, wọn kì í gbé e. Ọjọ́ ààwẹ̀, kì í jáde. Ọmọ ìjọ kì í sanwó. Wọ́n á ní, "Ṣé Bàbá ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọ ni?" Ẹni tí kò mọ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa rí á kàn kí "Halelúyà" lẹ́nu ọ̀nà mọ́tò, á jókòó.

Ọjọ́ kan tí wọ́n ń lọ síbi ìsọjí ní Ẹ̀fọ̀n, mọ́tò rú èéfín lórí òkè, ó kú. Èmi náà wà nínú rẹ̀, nínú ìdajì ti ẹ̀yìn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń bá ẹ̀mí burúkú wí. Mẹkáníìkì kan tó ń kọjá lọ ló ṣí ẹ́ńjìnnì wò. Ó ní, "Ta ló ń tọ́jú mọ́tò yìí? Kò sí ẹ̀kán ọ́ìlì kan nínú rẹ̀."

Bàbá Ìjọ ní, "A fi òróró sí i!"

"Níbo?"

"Lórí."

Ọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, mọ́tò ò fi orí mu ọ́ìlì."

Wọ́n fa mọ́tò wálé. Wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta sí i, wọn ò pe mẹkáníìkì. Abẹ́ máńgòrò ló wà láti ìgbà náà. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni owó kòkó fò sókè lójijì, tí ẹni tó ní oko kékeré ń fi bíríkì kọ́lé. Ìyá rẹ ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta nígbà yẹn, ó ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Orí rẹ̀ pé. Olùkọ́ rẹ̀ wá bẹ̀ mí nílé. Kí ni mo fẹ́ fi rán an?

Mùsùlùmí yẹn ló pè mí lọ́nà oko. Ó ní, "Màmá, mo gbọ́ ohun tí ọkọ yín wí. N kò lè dá oko padà, owó mi ni mo fi rà á. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín kòkó, ẹ máa bẹ́ ẹ, tiyín ni." Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló pín nǹkan kan fún mi.

Ìkórè dé. Olùṣọ́ ní kí kálukú mú èso ohun tí Olúwa fún un wá. Adìyẹ mi ti ń yé sórí ìjókòó iwájú mọ́tò náà, ìjókòó Bàbá Ìjọ gan-an. Mo kó ẹyin náà sínú igbá, mo gbé e lọ síwájú pẹpẹ.

Bàbá Ìjọ tó ń ta ọrẹ ní gbàǹjo gbé igbá sókè. "Ìyá, ti kí nìyí?"

Mo ní, "Èrè mọ́tò ni. Ìdajì tiyín, ìdajì tèmi."

Kò sí ẹni tó dá iye lé e. Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn ń fi gèlè bo ẹnu. Nígbà tí a jáde, mo gbé igbá mi, mo lọ sílé, mo se ẹyin náà mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko. Èmi àti ìyá rẹ la jẹ ẹ́. A ò bu ìdajì fún ẹnikẹ́ni.