Aláàárù Tí Wọ́n La Àjẹ̀ Mọ́ Lórí

Kò sí màlúù tí mo dì mú ní odò ẹran Lọ́kọ́ja tí kò wólẹ̀. Ẹ bi àwọn alápatà ẹ̀yìn Paparándà léèrè. Mo lè gbé akọ màlúù ṣubú láì ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ìwé kejì ni mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n agbára yìí ni dókítà tó ń wádìí ọpọlọ rí tó fi wá mi wá.

Obìnrin ni, ará ìhà Kàbà. Àtìgbà tí ogun ti parí ló ti ń tọ́jú àwọn tó fara pa lórí: sójà tí ìbọn bà, ẹni tó já bọ́ láti orí lọ́rì. Ó fẹ́ mọ ohun tí ọpọlọ tó ti fara gbọgbẹ́ ṣì lè kọ́. Àmọ́ bí wọ́n bá jí, ìjà ni wọ́n ń jí bá, òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dè wọ́n. Ó wò mí níbi tí mo ti ń bá màlúù jà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá mi di èèyàn mú."

Mo ní, "Láì ṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀?"

"Láì ṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀."

Wọ́n lù mí ní ilé ìwòsàn rẹ̀, mi ò purọ́. Sójà kan gé etí mi jẹ. Ọkùnrin wo ló máa gba irú ẹ̀ tí yóò tún padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì? Èmi ni.

Aláàárù etídò kan wá ju gbogbo wọn lọ. Ará Ọ̀wọ́rọ̀ ni. Òun àti ọlọ́kọ̀ kan jà nítorí ẹrù iṣu, ìyẹn sì la àjẹ̀ mọ́ ọn lẹ́bàá etí. Nígbà tó jí, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń bú ramúramù bí ẹran. Ó fi orí kàn mí lẹ́nu, eyín mi méjì bọ́. Mo gbé e ṣánlẹ̀, ó tún dìde. Bó bá sì dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lọ́, á fi orí gbá ògiri, ẹ̀jẹ̀ á tún bo ibi tí wọ́n rán.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wò ó. Ó ní bí oṣù tuntun bá lé tí kò tíì di èèyàn, òun á mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wo wèrè ní abúlé wọn, kí wọ́n kan àbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Dókítà sọ fún mi pé bí àbà bá kan ẹsẹ̀ yẹn, kò ní rìn mọ́ láéláé.

Ó lọ jókòó sétídò, ó ń wo àwọn aláàárù títí oòrùn fi kanrí. Nígbà tó dé, ó ní kí n wá òṣùká àti bàsíà, kí n kó aṣọ fífúyẹ́ sínú rẹ̀.

Mo ní, "Dókítà, orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lẹ fẹ́ gbé ẹrù lé?"

Ó ní ọrùn aláàárù mọ iṣẹ́ rẹ̀ kí orí tó mọ̀ ọ́n. Mo fi í rẹ́rìn-ín, mo gbé bàsíà náà lé aláàárù náà lórí. Ọrùn rẹ̀ le, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ẹsẹ̀ tó ń lọ́ wá ń tẹlẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó wà lórí pákó ọkọ̀ ojú omi. Láàárọ̀ láàárọ̀ la fi ń rìn bẹ́ẹ̀. Bí bàsíà bá kúrò lórí rẹ̀ ni ìjà tún ń dé.

Oṣù lé. A ń rìn pẹ̀lú bàsíà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì àti ẹ̀wọ̀n. Ó kí wa bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn, "Òkun o," bí àlejò rere, ó sì nawọ́ sí àbúrò rẹ̀. Mo bọ́ sáàárín ọ̀nà. Èyí àkọ́kọ́ tó fẹ́ kọjá mi, mo gbé e lu ògiri, kò dìde. Èkejì fi ẹ̀wọ̀n nà mí lójú. Mo di ẹ̀wọ̀n náà mú, mo fà á, mo fi ìgúnpá fọ́ ọ nímú. Ni ẹ̀gbọ́n náà bá fún mi lọ́rùn. Ẹ̀jẹ̀ ti dí mi lójú, mi ò ríran dáadáa mọ́.

Ohùn kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa, ó há bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ẹ yàgò."

Bí àwọn aláàárù ṣe ń sọ ọ́ létídò nìyẹn. Kò bínú, ẹrù ló wà lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tú ọwọ́ lọ́rùn mi, ó yà. Èmi náà yà. Ó gba àárín wa kọjá, ó tẹ ẹ̀wọ̀n náà mọ́lẹ̀ láì kọsẹ̀, ó rìn dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó tẹ orúnkún ba kí ìyẹn lè bá a sọ ẹrù kalẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n náà bi dókítà bóyá àbúrò òun yóò tún sọ̀rọ̀ míì. Dókítà ní òun kò mọ̀, kí ó fi í sílẹ̀ kí àwọn jọ wò ó.

Ẹ̀gbọ́n náà ká ẹ̀wọ̀n rẹ̀, ó ní kí n má bínú, ó wo àlàfo eyín mi, ó bi mí bóyá ó ń dùn mí. Mo ní èmi kọ́ ni irú ìyẹn ń dùn. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé òṣùká àbúrò rẹ̀ wá láti ilé.